Màámi, Kí Ló Pa Yín Lẹ́kún Kí N Tó Dé?

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kí Bàámi. Mo kí Ṣẹ́gun àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀, mo sì kí gbogbo ará ilé wa n'Íkirè. Láti Ìjù, lẹ́bàá Ọ̀tà níbí, mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi bí mo ṣe kúnlẹ̀ yìí.

Ìwé ìròyìn tí Bàámi máa ń kà sí yín létí ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí, nítorí fóònù ti sú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní, bí mo bá sì ti bi yín, àdúrà lẹ máa bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ ní ọ̀tá ò ní rí mi gbé ṣe. Mo ṣe àmín. Mo tún bi yín, ẹ ní owó fóònù yín ti fẹ́ tán. Màámi, èmi ni mo pè yín!

Iṣẹ́ ń lọ. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì ní Sango náà ni mo ṣì wà, lórí ìdúró látàárọ̀. Òjò ti sọ ọ̀nà Ìdìrókò di odò. Onílé wa àtijọ́ ní Ìyànà Ìyẹsí ti sọ ilé rẹ̀ di ilé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ìdí nìyẹn tí a fi kó wá síbí. Bí ṣọ́ọ̀ṣì kan bá dákẹ́ ní àdúgbò wa, òmíràn á gbe orin. Nínú gbogbo ariwo yìí, n ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ọmọ mi.

Inú ìsìn ni mo wà lọ́jọ́ tí ọmọ inú mi ò tàpá mọ́. Mo sọ fún àwọn arábìnrin tó jókòó tì mí. Ọ̀kan gbọ́wọ́ lé ikùn mi, ó ní ọmọ yìí mọ ilé Ọlọ́run, ó ń sinmi ni. Èkejì ní kí n má fẹnu ara mi pe ohun tí kò sí. Nígbà tí mo dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ sí ikùn mi lọ́tùn-ún, ó gbé e sósì, ó wá lọ pe ẹnìkejì rẹ̀ wá. Mo bí i bí a ti í bímọ. Obìnrin ni. Irun rẹ̀ kún bíi tiyín.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé e lọ sin. Wọn ò sọ ibẹ̀ fún mi, wọ́n ní òbí kì í mọ̀ ọ́n. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Màámi, mo ti gbọ́ nípa agbè yìí tó. Omi yẹn gan-an ni mo ń sunkún rẹ̀.

Oyún ti tún dé. Ẹ ó ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta. Mo ti sọ ọ́.

Dókítà obìnrin kan wà tó ń ṣèwádìí ohun tó ń pa ọmọ nínú oyún. Ó ní òun ò lè sọ pàtó ohun tó pa tèmi, nítorí ibi ọmọ ni à bá yẹ̀ wò, wọ́n sì ti gbé e mọ́ ọmọ lọ sin. Ó ní bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni, ó lè wà nínú ìdílé. Oògùn wà fún un, ṣùgbọ́n kí oyún tó dàgbà ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó bi mí bóyá irú rẹ̀ ṣe ìyá mi rí. Mo ní rárá, èmi ni àkọ́bí wọn. Ó wo káàdì mi, ó ní ṣé àkọ́bí ni wọ́n ń sọ ní Rẹ̀mílẹ́kún nílùú tiwa ni? Ta ló ti ń sunkún kí n tó dé?

Orúkọ tí mo ti ń jẹ́ láti kékeré!

Màámi, ibi ọmọ ti lọ. Ẹnu yín ló kù. Ṣé ẹsẹ̀ yín wú? Ṣé orí fọ́ yín, tí ojú yín ń ṣú? Oyún oṣù mélòó ni? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni? Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ní a kì í sọ irú rẹ̀ fún obìnrin tó ṣì ń bímọ, kó má baà mọ ilé rẹ̀. Ó ti mọ ilé mi, Màámi. Ta lẹ tún ń fi í pamọ́ fún?

Lọ́sẹ̀ yìí, bí mo bá pè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàdúrà. Ẹ sọ ọ́. Bí ẹkún bá gbọ̀n yín, ẹ sun ún, n ò ní gbé fóònù sílẹ̀. Ṣebí iṣẹ́ tí ẹ tìtorí rẹ̀ sọ mí lórúkọ nìyẹn.

Ẹ bá mi kí Bàámi, kí wọ́n má ṣe kánjú ka ibí yìí. Ẹ kí tẹbí tará. Ọlọ́run á dá yín sí, ẹ ó fi ẹ̀yìn yín pọn èyí tó ń bọ̀.

Èmi ni Rẹ̀mílẹ́kún,
ọmọ yín, yálà àkọ́bí tàbí èkejì.