Wáyà Tí O So Sábẹ́ Àga Wa

Ilé Kejì, Ẹ̀yìn Ọgbà Mẹkáníìkì,
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà.

Àbúrò mi àtàtà,

Má gbé ọkọ̀ rẹ jáde lónìí o. Mo mọ̀ pé kíkí ló yẹ kó ṣáájú, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Ó yá, ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ọmọ inú rẹ̀ ń yí dáadáa? Ara le níbí, ẹ̀rù nìkan ló ń bà wá. Fóònù rẹ kò wọlé láti àná, ìdí nìyẹn tí mo fi fi ìwé yìí rán dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín.

Iná inú ọkọ̀ wa ló ń ṣe ségesège. Bí a bá ti tan rédíò ńlá tí o bá wa fi sí i, iná á rẹ̀wẹ̀sì. Bí a bá pa á, iná á tún mọ́lẹ̀. Rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe tí a kọ́kọ́ pè yọ gílóòbù, ó fi mítà kan wáyà tó jáde lára ṣúìṣì tí a fi ń dín iná kù. Ó yí ṣúìṣì títí, fóòtì méjìlá ni mítà ń kà ṣáá. Ó ní ṣúìṣì ti kú. A ra tuntun, pàbó ló já sí. Bàbá àwọn ọmọ ní bóyá rédíò ló ń jowú iná.

Lánàá ni mo lọ bá Màmá Oníná, rewáyà àgbà tó wà ní ìkángun òpópónà wa. Wọ́n ní, "Ta ló ní kó yọ gílóòbù? Ṣúìṣì tí kò rí iṣẹ́ ṣe, kí ló fẹ́ dín kù?" Wọ́n dá gílóòbù padà, wọ́n ń yí ṣúìṣì, òǹkà sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sóhun tó ṣe ṣúìṣì. Wọ́n wá gbé mítà sí wáyà tó ń dá iná padà sára ọkọ̀. Òfo ló yẹ kó kà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n tan rédíò. Àbúrò mi, mítà fò sí mẹ́rin! Wọ́n ní, "Pa á kíá! Gbé àga ọmọ yẹn kúrò, abẹ́ rẹ̀ ni wáyà yìí gbà."

Wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, mo sì bẹ̀rẹ̀ wò ó. O ti so wáyà rédíò mọ́ wáyà tín-ín-rín tó ń dá iná padà yẹn, ẹrù rédíò sì pọ̀ jù fún un. Ojú ibi tó o so ó ti yọ́, kápẹ́ẹ̀tì ti jó dúdú, lábẹ́ ibi tí àbíkẹ́yìn mi máa ń sùn sí gan-an. Mi ò bínú, oore lo ṣe wá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà lo so tiwa àti tìrẹ. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Tú orí bátìrì kúrò báyìí, kí o tó wá rewáyà.

Mo fi ègé kápẹ́ẹ̀tì náà sínú àpò ìwé yìí, gbóòórùn rẹ̀. Bàtà ọkọ mi ni mo ti ń bú látọjọ́ yìí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó má bínú sí mi. Nígbà tó ní ọkọ̀ yín ń rùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi ni mo ní oyún ló ń dá imú rẹ̀ láàmú, tí mo sì rẹ́rìn-ín.

Èmi ni tìrẹ tí àyà rẹ̀ ń já,
Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Aláwàdà.