Ẹni Tó Bá Délé Kò Kú

Ilé Àlàájì Sáláwù,
Ẹ̀yìn Mọ́sáláṣí Kékeré,
Badarawa,
Kaduna.
12 Oṣù Kejì, 2019.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Kàrímù,

Àsàláámù àlékùn. Ṣé dáadáa lo wà? Ìbàdàn ńkọ́? Ara ńkọ́? Ṣé ò ń jẹun bó ṣe yẹ, àbí gàrí lò ń mu láàárọ̀, tó o tún ń mu ún lálẹ́? Silas tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá ńkọ́, ṣé ẹ kì í bára yín jà? Àwa níbí wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ọyẹ́ ti mú wa débi pé ètè gbogbo wa ti ya, ṣùgbọ́n ara le.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ bí ará àtijọ́. Ṣebí ìwọ lo ò gbé fóònù mi mọ́. Láti ìgbà tí iná ti jó ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń ta fóònù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lo fi ránṣẹ́ sí wa: pé ojú ń tì ọ́, o ò lè wálé lọ́wọ́ òfìfo. Haba, Kàrímù! Ọdún kejì rèé. Mahmud, ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Afaka, ń bọ̀ wá ṣe ìpàdé ní Ìbàdàn, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Bó o bá láyà, sá fún òun náà.

Wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Mo ń tún yàrá Màmá ṣe ni mo bá rí gèèmù wa lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí Bàbá, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, rà fún wa nígbà kónílé-ó-gbélé rògbòdìyàn ọdún 2000, kí a má baà máa yọjú síta. Káàsẹ́ẹ̀tì tí a sọ ní “Gbá-kó-o-sá” ṣì wà nínú rẹ̀! Wállàhì, mo kígbe. Ilham ọmọ mi sáré wá, ó ń fi Hausa bi mí pé kí nìyẹn. Mo ní ọ̀gá gbogbo gèèmù ni. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí káàsẹ́ẹ̀tì bí a ti máa ń ṣe, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ló bá ṣiṣẹ́.

O mọ̀ pé kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Èdè àwọn ará Japan ni wọ́n fi kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, a ò sì rí ẹni tó ń gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Ohun tí a ṣáà mọ̀ ni pé ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á wá sáré láti ibùdó kan sí òmíràn. Tó bá kọjá ibùdó kẹta, tó padà síbi tó ti gbéra, tí à ń pè ní ilé, a ò ní rí i mọ́. A ní ó ti kú nìyẹn. Ṣé o rántí bí a ṣe ń tẹ pádì kó má baà lọ? Lọ́jọ́ tí tìrẹ ṣèèṣì sáré délé, ńṣe lo sunkún, o ò jẹ tuwo lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀. Abdulraheem ọkọ mi ti mọ́sáláṣí dé, ó dúró, ó ń wò mí. Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò jẹ́ kí ọkùnrin yẹn sáré délé. Mo ní kó lè kú? Ó ní kí n jẹ́ kó lọ ná, kí n sì wo òkè tẹlifíṣọ̀n. Kàrímù, òdo tó wà níbẹ̀ di ọ̀kan! Délé tó délé ló fi jẹ. Gbogbo ìgbà tí à ń sunkún lé wọn lórí, a ti ń jẹ, a ò mọ̀. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí ẹ̀. Ó ní àṣé báyìí lèmi àti àbúrò mi gọ̀ tó.

Màmá jókòó lórí ẹní wọn, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà. Wọ́n bi wá pé kí là ń fi rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tó bá padà délé, àwa rò pé ó ti kú ni, àṣé òun gan-an ló jẹ. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ìka wọn dúró lórí tẹ̀sùbáà. Wọ́n ní, “Ṣé ohun tí Kàrímù náà ń rò nìyẹn?”

Mo kàn dọ́gbọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, mo sì lọ sunkún mi ní kíṣìnì.

Àbúrò mi, ta ló sọ fún ọ pé ẹrù là ń retí? Ilé ṣáà làbọ̀ ìsinmi oko, bí oko ọ̀hún so, bí kò so. Mò ń ṣàárò rẹ débi pé inú ń bí mi sí ọ. Yàrá rẹ wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ilham ti kó bàtà kún un. Wọkọ̀ dé Abuja, kí o bọ́ sínú rélùwéè. Màá wá pàdé rẹ ní ibùdó rẹ̀ ní Rigasa.

Bá mi kí Silas. Ọkọ mi ń kí ọ, Ilham náà ní sannu.

Mo ti fẹ́ kọ ọ́ síbí pé ara Màmá ò yá, kí o lè sáré wá. Wọ́n ní kí n má parọ́ mọ́ àwọn o. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé ara àwọn le koko, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe àwọn, ọmọ àwọn ni àwọn kàn fẹ́ rí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ò ní yéé pè ọ́,
Zuwera.