Má Fẹ́ Ọmọ Káfíńtà Mọ́

Ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọmọ Káfíńtà tí mo ti ń bẹ̀ ọ́ látọjọ́ yìí pé kó o fẹ́, jọ̀ọ́, má fẹ́ ẹ mọ́. Mo mọ̀ pé èmi ni mo fún un ní nọ́ńbà rẹ, èmi náà ni mo sì sọ pé bí o bá kọ̀ ọ́, èmi lo kọ̀. Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Bí o bá ti dá a lóhùn pé o gbà, tètè sọ fún un pé oorun ló ń kùn ọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó yá, ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ ti yéé fajú ro? Olúwa á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ ò ní gbé ọ débi tí orí rẹ ò sí. Bàbá rẹ ń kí ọ. Orúnkún ṣì ń dùn ún, kò sì lo oògùn, ó ní orúnkún òun kì í ṣe ẹrú dókítà. Àbúrò rẹ ti ríṣẹ́, ó sì ti fi í sílẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà, tí n kò pè ọ́, ni pé Ọmọ Káfíńtà yìí náà ló bá mi tún fóònù mi ṣe, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ki nǹkan pẹlẹbẹ kan bọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé nǹkan náà lè máa ròyìn ọ̀rọ̀ mi fún un. Mo ti gbé fóònù sínú ìkòkò, mo dé e.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. O mọ aránṣọ tó ń gbé ní òdìkejì wa, ìyàwó ọmọ Bàbá Tísà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gbohùngbohùn. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun, òun nìkan ló ń tọ́jú bàbá ọkọ rẹ̀. Obìnrin náà kì í kúnlẹ̀ kí èèyàn. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa ń wà, á mirí sí ọ bí alángbá, ó parí. Ṣùgbọ́n tàárọ̀ tọ̀sán là ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí arúgbó náà, ẹ jẹun, mo ní kẹ́ ẹ jẹun, ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn! Lọ́jọ́ kan, ó pariwo pé kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ yẹn wá, òun máa gé e lónìí, kò sẹ́ni tó máa gbà wọ́n lọ́wọ́ òun. Mo ní ó ti dé nìyẹn.

Wọ́n sì ti ń sọ ọ́ lórí rédíò pé ẹni tó bá fura pé wọ́n ń fìyà jẹ àgbàlagbà, tàbí pé wọ́n pa á tì, kó má dákẹ́, kó pe nọ́ńbà kan, ìjọba á wá wò ó. Èmi tí mo ka ìwé girama, ṣé kí n máa wòran ni? Mo pè é. Obìnrin kan kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, èmi náà kí i, mo béèrè ọkọ, mo béèrè ọmọ, kò dáhùn, ó ṣáà ń ní kí n tẹ oókan. Mo tẹ̀ ẹ́, orin bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, n kò mọ̀ pé àríyá lẹ ń ṣe lọ́wọ́. Ẹlòmíràn wá gbé e, ó ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn fi orúkọ mi pamọ́. Mo ní kí ló dé, ṣé mo jalè ni? Mo fún un ní orúkọ mi, mo fún un ní ti bàbá rẹ, mo fi tìrẹ àti ibi tí ò ń ṣiṣẹ́ kún un, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo bímọ gidi. Nítorí náà, bí ìjọba bá pè ọ́, má sá.

Òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán wá, ọmọdébìnrin kan tó wọ ṣòkòtò ni. Mo tẹ̀ lé e wọlé aránṣọ kí n lè ṣe ẹlẹ́rìí. Ojú tì mí, ọmọ mi. Bàbá Tísà jókòó sórí àga, ara rẹ̀ ń dán, aṣọ rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Èékánná ẹsẹ̀ baba ni aránṣọ ní òun máa gé lọ́jọ́ yẹn. Baba náà ò gbọ́ràn mọ́ rárá, bí o ò bá pariwo, ẹnu rẹ nìkan ni yóò máa wò. Òṣìṣẹ́ bi í bóyá ẹnì kan ń yọ ọ́ lẹ́nu nínú ilé yìí. Aránṣọ ló bá a fi igbe tún un sọ kó tó gbọ́. Baba ní bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin yìí ni, oúnjẹ ló fi ń yọ òun lẹ́nu.

Aránṣọ ò bú mi. Ó yọ òwú kúrò lẹ́nu, ó ní ẹ ṣeun o, ìyá wa, ẹ̀yin tí etí yín mú tó báyìí, ìgbà wo lẹ gbọ́ ohùn Káfíńtà gbẹ̀yìn?

Mo ní kí ló kan Káfíńtà níbẹ̀? Ògiri kan ló wà láàárín wa, ilé náà sì máa ń pa lọ́lọ́ ni. Ìwọ náà mọ ọmọ rẹ̀, kò sí àárọ̀ tí kì í nà gbalaja kí mi, ìbáà jẹ́ inú ẹrẹ̀, ìbáà jẹ́ ṣòkòtò funfun ló wọ̀. Ohun tí mo rí nìyẹn tí mo fi ní o ò gbọdọ̀ jẹ́ kó bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí mo bá béèrè bàbá rẹ̀, á ní wọ́n ń sùn, mà. Èmi á ní ẹ wo ọmọ tó ń jẹ́ kí bàbá rẹ̀ sinmi.

Aránṣọ ní ká lọ wò ó. Nígbà tá a débẹ̀, kí òṣìṣẹ́ tó yanu, Ọmọ Káfíńtà ti dọ̀bálẹ̀, ó gbé àga jáde, ó gbé omi tútù wá. Èmi tún ń jẹ́rìí pé ọ̀gá, èyí ò gba ìwádìí. Òṣìṣẹ́ ò jókòó, kò mu omi, ó ní bàbá lòun fẹ́ kí. Ọmọ Káfíńtà ní wọ́n ń sùn. Aránṣọ fi ohùn tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ dúró sọ pé wọ́n ti ń sùn látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká jí wọn, oorun náà ti tó.

Yàrá ẹ̀yìn ló wà. Ìta ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lórí ìṣó. Òórùn yẹn ò ṣeé kọ sínú lẹ́tà. Káfíńtà tó kan bẹ́ẹ̀dì tí mo bí ọ lé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sùn sí, ó gbẹ bí pákó tó máa ń sá sóòrùn, egbò wà ní ìbàdí rẹ̀, ife omi sì wà lójú fèrèsé níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè dé. Aránṣọ tí mo ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ló bọ́ ìborùn rẹ̀ bò ó, òun àti òṣìṣẹ́ gbé e. Bí wọ́n ṣe ń gbé e bọ̀, Ọmọ Káfíńtà ti tún nà gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé ẹ ṣàánú òun, ẹ má jẹ́ kí ayé gbọ́. Bàbá rẹ̀ wò ó látòkè, ó ní dìde, o dínà.

Ó ti wà ní ọsíbítù. Dókítà ní ewu ò tíì kúrò tán, ṣùgbọ́n ó ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀, ó sì ti sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wọn ò dọ́gba. Ọmọ rẹ̀ ń lọ jẹ́jọ́ lọ́dọ̀ ìjọba, ó sì ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún mi láràárọ̀, mo kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Èmi gan-an lọ kúnlẹ̀ fún aránṣọ, ó ní kí n dìde jàre, òun ní aṣọ oníbàárà lọ́wọ́.

Bí Ọmọ Káfíńtà bá wá bá ọ níbẹ̀, tó dọ̀bálẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ, dá a kọjá. Bí ẹlòmíràn bá sì dé, má sọ fún mi bó ṣe ń kí èèyàn. Lọ wo yàrá bàbá rẹ̀ ná.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra fọ́ọ̀mù ìbùsùn tó rọ̀ fún Káfíńtà, kí n sì rówó ọkọ̀ wọ̀ lọ wò ó. Má fi í sí báǹkì o. Ẹ̀rọ tó wà lára ògiri wọn gbé káàdì mi mì, mo dúró kó bì í, kò bì í.

Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ tó máa pariwo ẹ jẹun mọ́ èmi àti bàbá rẹ. O ò ní darúgbó sínú yàrá tí wọ́n ti ìta tì. Tètè kọ̀wé sí mi, ọmọ mi, nítorí Ọmọ Káfíńtà ní òun ṣì ń retí èsì rẹ, jọ̀ọ́, tèmi ni kó o kọ́kọ́ kọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.