Oògùn Tí Kò Lórúkọ

Ajé, 6 Oṣù Karùn-ún 2024

Ara Tari tún ti sú. Ọkọ mi, Kápéènì mi. Ọkọ̀ ojú omi ló ń wà ní Marine Beach. Ètè wú, ojú dì, ó ń fi ara ha ògiri bí ewúrẹ́. Láti ìgbà ọyẹ́ la ti wà lẹ́nu rẹ̀. Oògùn ara yíyún tí gbogbo ayé ń lò gbé e sùn nídìí ẹ́ńjìnnì, díẹ̀ ló kù kó forí sọ bájì akẹ́rù kan lójú omi, tòun tèrò. Láti ọjọ́ náà, ti Dickson nìkan ló kù. Dickson tó ni kẹ́mísì òpópónà wa. Á da oríṣiríṣi pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré. Páálí kò sí, orúkọ kò sí. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ara tù ú. Àwọn aládùúgbò ń yìn mí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ mi kún. Ó kún jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tín-ín-rín. Tó bá fo oògùn náà pẹ́nrẹ́n, yíyún á padà tìbínú-tìbínú. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹtì, 10

Mo gbé ọ̀rá Dickson lọ sí ilé oògùn kan ní Àpápá. Apòògùn ibẹ̀ ń jẹ́ Ngozi — Yorùbá ẹnu rẹ̀ já geere ju tèmi lọ. Ó da oògùn náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Àǹtí mi, mi ò lè fojú lásán búra, ṣùgbọ́n funfun kékeré yìí jọ sítẹ́rọ́ìdì. Ó ń tẹ yíyún mọ́lẹ̀ ni. Tó bá pẹ́ lára, ara á gbàgbé iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ṣíwọ́ rẹ̀ lójijì o! Dókítà ni kó bá a dín in kù."

Ó mú òmíràn wá, loratadine, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ múni sùn. Ti òkè òkun ju agbára mi lọ. Ó rí ojú mi, ó lọ mú èyí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ yìí. Orúkọ kan náà, iṣẹ́ kan náà, ó ní. Ó fi nọ́ńbà NAFDAC hàn mí lára páálí, àti ọjọ́ tí kò ní dára mọ́. Ó kù díẹ̀ kí n dì mọ́ ọn.

Àbámẹ́ta, 11

Mo lọ sọ fún Tari létí omi níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó já ọ̀rá náà gbà, ó jù ú sódò. "Dickson wan kill me!" Mo ké pé Ngozi ní kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, ká lọ rí dókítà. Ó ní, "Májèlé ni, o tún ní kí n máa mu ún díẹ̀díẹ̀?" Ó lọ halẹ̀ ọlọ́pàá mọ́ Dickson lójú gbogbo èèyàn.

Àìkú, 12

Loratadine nìkan ló lò. Ó ha ara títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ.

Ajé, 13

Ó ń bì. Kò lè dìde. Ó ṣì ní òun ò lọ sílé ìwòsàn kankan. Mo sáré lọ bá Dickson kó fún mi lára oògùn yẹn — àní èmi! Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́rú, 15

Tari ṣubú lulẹ̀. Kẹ̀kẹ́ la fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Ara rẹ̀ tutù. Mo ròyìn ohun tí Ngozi sọ. Dókítà ní wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n irú oògùn wo ló ń lò? Báwo ló ṣe le tó? Kí ni wọ́n tún dà mọ́ ọn? Mi ò mọ̀. Ọ̀rá oògùn náà ti wà nísàlẹ̀ odò.

Mo sá lọ sílé Dickson. Ebiere ìyàwó rẹ̀ ní kò sí nílé. Mo rí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ sí kọ́rídọ̀. Mo ké: "Dickson, mi ò mú ọlọ́pàá wá. Orúkọ ni mo fẹ́. Orúkọ oògùn yẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ!"

Ó jáde. Ọkùnrin gìrìwò. "Sister Rekiat, I no know say e go reach like this." Ó fa àwọn ike oògùn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó lè kó wọn fún mi, kó sì jókòó sílé. Ó bá mi wọ kẹ̀kẹ́.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Nọ́ọ̀sì kan pòṣé sí i lójú. Kò gbórí sókè.

Ọjọ́bọ̀, 16

Abẹ́rẹ́. Omi. Àdúrà. Tari lajú. Alhamdulillahi.

Dickson ló kọ́kọ́ rí, lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì — kò tíì lọ sílé. Mo rò pé èébú ló máa tẹ̀ lé e. Tari wò ó pẹ́. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọwọ́ lọ: "Who else you give?"

Dickson bú sẹ́kún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ. Nnaemeka tó ń tún táyà ṣe. Ìyá Ọbalọlá. Ọmọ Tega, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ilé sí ilé, òpópónà wa látòkè délẹ̀. Dókítà fa àga, ó jókòó tì í.

Dókítà bi í bóyá ó ti tán.

Ó mi orí pé ó ku ẹnì kan. Ó ní, "Ebiere, ìyàwó mi."