Píkọ́ọ̀pù Bàbá Rẹ Kì í Sọ Ebi Rẹ̀ Lójú Iná

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀, kó má sì bá ọ níbi tí wọ́n ti ń wá ọ kiri. Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ mi kékeré ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti hù? Àwa níhìn-ín wà, a dúpẹ́, òjò ń rọ̀, òrùlé ẹ̀yìnkùlé kò jò mọ́, ewúrẹ́ àbúrò bàbá rẹ sì bí ìbejì, ló bá ń yan káàkiri bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló rọbí.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán. O ní o ti rí ẹni tó máa ra píkọ́ọ̀pù bàbá rẹ, pé dírẹ́bà kan ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé, kí n gbé kọ́kọ́rọ́ fún un, torí àgbà ti dé sí mi. N ò ní gbé e fún un. Mo kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà kó o lè rí i kà dáadáa: n ò ní gbé e fún un. Wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ló ń gbé ilé tí a kọ́ tà, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ọ o, nítorí náà n ò mọ ibi tí títa píkọ́ọ̀pù yìí ti wá.

Mo mọ ẹni tó fẹjọ́ mi sùn, torí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu àbúrò bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, jẹ́ kí n ro tèmi náà fún ọ. O rántí àwọn ojú kéékèèké tó wà níwájú sítíárì, tí abẹ́rẹ́ wà nínú wọn. Ọ̀kan ń sọ bí epo ṣe kù sí, ọ̀kan ń sọ bí ara ọkọ̀ ṣe gbóná sí. Nígbà tí bàbá rẹ lọ sinmi, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ náà kó pákó láti sọ́míìlì lọ fún àwọn káfíńtà, mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá ti tan iná iwájú, abẹ́rẹ́ epo á gbéra nílẹ̀, á lọ dúró sí ìdajì. Bí mo bá pa iná, á tún wálẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé epo náà ń sùn ni, pé ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i. Inú mi dùn. Mo wá ń tan iná lọ́sàn-án gangan kí epo lè pọ̀ sí i, àwọn tó ń bọ̀ níwájú á máa pariwo pé Ìyá, iná yín ń jó, èmi á ní mo mọ̀, epo ni mò ń rà.

Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo ojú ọ̀nà. Mo tan iná, abẹ́rẹ́ ní ìdajì, mo sì gbà á gbọ́. Orí òkè tó wà lẹ́yìn sọ́míìlì ni epo ti tán, tí ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn pẹ̀lú ẹrù lórí. Mo tẹ bíréèkì, mo fa ti ọwọ́, mo bọ́ sílẹ̀, mo fi pákó ti táyà lẹ́yìn. Pákó kan ṣoṣo kò já bọ́. Àbúrò bàbá rẹ kò sọ ìyẹn fún ọ. Ohun tó sọ ni pé mo fẹ́ para mi.

Rewáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, wá wò ó. Ó ki orí bọ abẹ́ sítíárì, ó ní wáyà kan tó yẹ kó so mọ́ irin ara ọkọ̀ ti dípẹtà, pé òun ló fà á tí abẹ́rẹ́ fi ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ bí iná bá ti tàn. Ó ní irọ́ ló ń pa. Mo ní irọ́ kọ́, ẹ̀kọ́ ilé ni.

Ìwọ náà rò ó wò. Nígbà tó o wà ní kékeré, tí a bá lọ kí èèyàn, tí wọ́n ní kó o wá jẹun, kí lo máa ń sọ? Mo ti yó, mà. Bẹ́ẹ̀ inú rẹ ń kùn fún ebi. Èmi ni mo kọ́ ọ, bàbá rẹ náà sì kọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Lójú iná, níbi tí gbogbo ayé ti ń wò ó, á ní òun ti yó dé ìdajì. Nínú òkùnkùn, tó bá ku èmi àti òun, á wá sọ ebi rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti ara gbígbóná náà ń sáré gòkè bí iná bá ti tàn. Ta ni ara rẹ̀ kì í gbóná tí gbogbo èèyàn bá tẹjú mọ́ ọn? Rewáyà ní òun kò gbọ́ irú èyí rí. Mo ní ìyẹn ló fi jẹ́ pé wáyà nìkan ló mọ̀, mo sì ní kó má fọwọ́ kàn án.

Láti ìgbà náà, n kì í bi í ní nǹkan lójú iná mọ́. Láàárọ̀ n ó wọlé, n ó ti ilẹ̀kùn, n ó yí gíláàsì sókè, n ó ní pẹ̀lẹ́, ṣé ebi ń pa ọ́? Ibi tí abẹ́rẹ́ bá fi hàn mí nígbà náà ni mo gbà. Epo kò tíì tán mọ́ mi lọ́nà mọ́. Àwọn káfíńtà ń pè mí ní Ìyá Onípákó, bí mo bá ti fọn fèrè, wọ́n á jáde wá kí mi. Ṣé kí n wá jókòó sí yàrá kí n máa wo ògiri nítorí wáyà tó dípẹtà? Àgbà dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ṣì ń dé kílọ́ọ̀ṣì tí à ń tẹ̀ kí a tó yí jíà.

Owó tí o fi ránṣẹ́ níjọ́sí dé. Fóònù náà kàn ké ṣín lẹ́ẹ̀kan ni, mo sì ti mọ̀ pé kò pọ̀. Fi òmíràn ránṣẹ́ fún epo, jẹ́ kó ké pẹ́ díẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Nígbàkígbà tó o bá pè mí lórí fóònù tí a ti ń rí ojú ara wa yẹn, iná funfun máa ń tàn sí ọ lójú, wàá ní dáadáa ni mo wà, Màmá, mo ti jẹun, iṣẹ́ ń lọ. Abẹ́rẹ́ rẹ kì í kúrò ní ìdajì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí iṣẹ́ ń lọ fún kì í wá oníbàárà fún ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ ní mo ti yó, mà. Bí mo bá gbọ́ ọ, mo mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, má rán dírẹ́bà. Bó bá wá, yóò bá mi nínú ọkọ̀ tí mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn, yóò sì fẹsẹ̀ rìn padà. Ìwọ ni kó o wá. Bó o bá fẹ́, kí rewáyà tún wáyà rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ náà, wàá di tọ́ọ̀ṣì mú fún un bó o ṣe máa ń ṣe fún bàbá rẹ. Lẹ́yìn náà, èmi àti ìwọ á wọnú ọkọ̀, n ó ti ilẹ̀kùn, n ó pa iná, ìwọ á wá sọ ibi tí epo rẹ kù sí fún mi. Bó bá jẹ́ pé títà rẹ̀ ni yóò gbà ọ́, èmi fúnra mi ni n ó wà á lọ bá ẹni tó fẹ́ rà á.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o kú sórí òkè pẹ̀lú ẹrù. Bí ọ̀nà bá ní kùrukùru, wàá rí ẹni fi pákó tì ọ́ lẹ́yìn. Kí mi ìyàwó, kí mi ọmọ.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dé kílọ́ọ̀ṣì.