Ìkòkò Ẹ̀fọ́ Kíkan Mi àti Ẹ̀dọ̀fóró Bàbá Rẹ

Leshan,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá.

Mengru, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

O kú ewu ọmọ o. Mo nírètí pé ara ti ń mókun, pé wàrà ń wá dáadáa, àti pé ìyá ọkọ rẹ kò jẹ́ kí o fọwọ́ kan omi tútù kí oṣù tí abiyamọ fi ń jókòó sílé tó pé. Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni. Lẹ́tà ni mo kọ, nítorí bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù, ẹkún ni yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Ṣé o rántí ikọ́ bàbá rẹ, èyí tí mo ní eruku ló fà á? Irọ́ ni mo pa. Àwòrán tí wọ́n yà fún un ní ilé ìwòsàn fi kókó kan hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lápá ọ̀tún, létí ibi tó kan egungun ìhà. Dókítà Yin ní òun kò tíì lè sọ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí egbò lásán. Oyún rẹ ti wọ oṣù kẹsàn-án nígbà náà. Ta ni yóò gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ka aboyún níwájú?

Boyi ẹ̀gbọ́n rẹ lọ bá dókítà ní kọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tí ẹ bá rí, ẹ sọ fún bàbá wa pé òtútù àyà lásán ni." O mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún bàbá àgbà rẹ, tó fi kú tó ṣì ń sọ ohun tí òun yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí a gbàgbé ni pé bàbá rẹ gan-an ló pa irọ́ ti ìgbà yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni jẹ́jẹ́. Ẹran tó dára jù, òun ni mò ń bù ún fún. Níjọ́ kan, ó ki igi méjì tó fi ń jẹun, tó kún fún òróró, bọ inú ìkòkò ẹ̀fọ́ kíkan mi, èyí tí ìyá mi fún mi nígbà tí mo ń relé ọkọ. O mọ̀ pé òróró díẹ̀ ti tó láti ba omi iyọ̀ tí ẹ̀fọ́ yẹn fi ń kan jẹ́, o sì mọ ẹnu mi. Mo ní, "Kò burú, máa jẹun." Ó wò mí títí, ó rọra gbé igi náà sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ẹyẹ tó ń sìn tòun ti àgò fún Bàbá He, aládùúgbò wa. Mo mọ̀ pé ó ti fura.

Dókítà Yin ní kí a mú un wá fún àyẹ̀wò mìíràn. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú rẹ ni wọ́n gbé lé e láyà, láàárín egungun ìhà, ṣùgbọ́n èyí máa ń fi àwọ̀ hàn bí ara ṣe le tó: búlúù níbi tó le, àwọ̀ ewé níbi tó rọ̀. Ó rọra sọ sí mi létí pé, "Màmá, ṣebí ẹ máa ń tẹ èso wò lọ́jà kí ẹ tó rà á? Ohun tí à ń ṣe nìyí. Kókó jẹjẹrẹ sábà máa ń le." Mo di etí ibùsùn mú. Àwọ̀ ewé ló bo ibẹ̀, búlúù kò ju díẹ̀ lọ. Dókítà ní ó jọ ohun rere, ṣùgbọ́n òun kò lè fi àwọ̀ nìkan búra, òun yóò fi abẹ́rẹ́ mú bíńtín níbẹ̀ yẹ̀ wò. Bàbá rẹ ní, "Dókítà, ẹ mà gbọ́n o. Ẹ tún wá kun irọ́ náà láwọ̀."

Èsì abẹ́rẹ́ dé: kì í ṣe jẹjẹrẹ. Egbò tí òtútù àyà fi sílẹ̀ ni, oògùn yóò wò ó sàn. Èmi àti Boyi sunkún bí ọmọdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. A sáré sọ fún bàbá rẹ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ohun tí èmi náà sọ fún bàbá mi nìyẹn." Boyi fi èsì hàn án, bàbá rẹ ní ta ni kò lè tẹ ìwé. Mo fẹ́ búra, ó ní kí n má dẹ́ṣẹ̀ nítorí òun. Ọ̀rọ̀ sú mi, ọmọ mi. Òótọ́ wà lọ́wọ́ wa, a ò rẹ́ni gbà á.

Lánàá, níbi oúnjẹ ọ̀sán, ó tún ki igi olóróró bọ ìkòkò mi. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. "Bàbá Boyi! Ṣé ojú rẹ fọ́ ni? Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí ni mo ti ń tọ́jú omi ẹ̀fọ́ yìí, o wá fẹ́ fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pa á! Gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀, àgbàyà!"

Omi bọ́ lójú bàbá rẹ. Ó ní, "Ìyá Boyi, tún un sọ." Mo tún un sọ, mo sì fi ti ìdílé wọn kún un. Ó ní, "Ọjọ́ tí o ní 'kò burú' ni mo ti gbà pé ikú dé. Á jẹ́ pé mi ò tíì ní lọ nìyẹn." Ó jẹun tán, ó wọ bàtà, ó lọ gba ẹyẹ rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá He.

Ikọ́ náà ti ń dín kù. Bí oṣù rẹ bá pé, àwa méjèèjì ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ní Xiamen wá gbé ọmọ. Ọmọ náà yóò gbó, yóò tọ́. Wàrà rẹ kò ní gbẹ, ìwọ náà yóò jẹ èrè rẹ̀, o kò sì ní sunkún wa láìtọ́jọ́.

Èmi ni ìyá rẹ aláriwo, tó fẹ́ràn rẹ,
Shu Guifen.

Àfikún: Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, "bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá" lo fi ń dá gbogbo ọ̀rọ̀ mi lóhùn. O ò bá mi jiyàn ẹyọ kan. Mengru, kí ló ń ṣe ọ́? Má fi pamọ́ fún mi.