Ọ̀pá Pẹnisílíìnì Kan fún Orí Ọmú Mẹ́rin

Èmi ni mo ba ọmú màlúù náà jẹ́, kì í ṣe Àíṣátù. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́ báyìí, kí ìtìjú má baà tún jẹ́ kí n gbé e mì.

N kì í ṣe ènìyàn yẹpẹrẹ ní Ìwó o. Màlúù mọ́kànlá ni mo ní, ẹ bi ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa. Sítáńdáàdì Tú ni mo ti kúrò ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Béélò, Fúlàní, ló ń bá mi da ẹran ní gàá tó wà lọ́nà Olúpọ̀nnà, Àíṣátù ìyàwó rẹ̀ ló sì ń fún wàrà. Bí àdéhùn gbogbo ẹlẹ́ran ṣe rí nìyẹn: èmi ni mo ni ẹran, ìyàwó darandaran ló ni wàrà, òun ló ń tà á, òun ló fi ń bọ́ ọmọ.

Abo pupa kan wà tí mo fẹ́ràn ju ìyókù lọ. Lọ́dún tó kọjá, orí ọmú rẹ̀ kan wú, ó gbóná, wàrà ibẹ̀ sì ń jáde ní wóró wóró bí ògì tó bàjẹ́. Dókítà ẹran ní nígbà tí a bá dẹ́kun fífún un, kó lè sinmi kó tó bí òmíràn, kí a fún ọmú náà gbẹ, kí a fọ̀ ọ́ mọ́, kí a ti pẹnisílíìnì bọ ihò orí ọmú kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí yóò fi bímọ. Ọ̀pá òògùn mẹ́rin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló kó lé mi lọ́wọ́, ọ̀kan fún orí ọmú kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Ó fẹ́ fi han Àíṣátù bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo ní kó fi sílẹ̀, kí ni obìnrin gàá mọ̀ nínú òògùn òyìnbó?

Ẹ̀yin náà mọ bí ariwo pẹnisílíìnì ṣe gba ìlú kan... Egbò kan wà lẹ́sẹ̀ mi tó ti ń dà mí láàmú. Mo rò ó pé kí ni màlúù fẹ́ fi mẹ́rin ṣe? Nígbà tí ọjọ́ pé, ọ̀pá kan ṣoṣo ni mo lò. Orí ọmú tó ń ṣàìsàn ni mo kọ́kọ́ ki ẹnu ọ̀pá náà bọ̀, mo fún díẹ̀ síbẹ̀, mo yọ ọ́, mo tún ki ẹnu kan náà bọ àwọn mẹ́ta tí kò ní àìsàn kankan... n kò tilẹ̀ nù ún. Mo kó mẹ́ta yòókù lọ sílé, mo fi pa ẹsẹ̀ mi, mo sì ń yan kiri pé mo ti di dókítà.

Màlúù bímọ, àìsàn ọ̀kan ti ràn dé orí ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n le bí òkúta. Ọmọ rẹ̀ fà á, fà á, kò rí nǹkan kan mu. Ó kú lọ́jọ́ karùn-ún. Dókítà padà wá, ó bi mí bóyá mo lo ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní á jẹ́ pé ẹnìkan ti fún ọmú náà lẹ́yìn òògùn. Ta ló ń fún ọmú ní gàá? Gbogbo ojú yí sí Àíṣátù. Wọ́n ní ojúkòkòrò wàrà ló mú un. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi: "Baba, wàláhì, n ò fọwọ́ kàn án. Ẹ bá mi sọ fún wọn." Kí ni mo wí? Mo ní Ọlọ́run ń rí ọ. Èmi! Béélò lé e padà sílé bàbá rẹ̀, lẹ́yìn Kuta, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó dàgbà wà lọ́dọ̀ Béélò. Bí mo bá dé gàá, èyí obìnrin a máa bi mí pé ìgbà wo ni ìyá òun ń bọ̀...

Lánàá, Béélò wá sílé mi. Ó ní bí oṣù tuntun bá ti lé, òun máa kọ Àíṣátù sílẹ̀ pátápátá, kí n bá òun lọ ṣe ẹlẹ́rìí lójú bàbá rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi kì í yẹ̀. Mo ní mo gbọ́.

Àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi yóò fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ òtítọ́. Béélò lè da ẹran mi sílẹ̀. Bí n kò bá sì sọ ọ́, irú ìrun wo ni mo ń kí? Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin alùfáà, kí n jẹ́wọ́ fún Béélò nìkan ni, àbí kí n dúró di ojú bàbá Àíṣátù? Ṣé yóò padà sílé ọkọ tó lé e jáde nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi? Nígbà tí mo bá sì rí Àíṣátù fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ wo ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi?